Jíìpù Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ojú Omi: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Oní-Four-Wheel ní Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí irú fídíò yẹn rí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ọ̀nà ti di odò, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn awakọ̀ ń wo ojú ara wọn. Ni jíìpù ńlá kan bá yọ láti ẹ̀yìn, ó tan iná iwájú, ó wọ inú omi ọ̀hún ṣàà, omi sì pín sí méjì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwọn èrò pariwo. Ẹni tó ń ya fídíò ń rẹ́rìn-ín. Tí ọkọ̀ náà bá là á já, fídíò á ti dé orí WhatsApp gbogbo ẹbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí kò bá là á já ńkọ́? Ìyẹn náà á dé ibẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ inú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fáàrí. Wọ́n fẹ́ ṣèrànwọ́ ni. Wọ́n rí èrò tí omi há mọ́lé, wọ́n sì ní ọkọ̀ tó ga, kí ni kí wọ́n tún máa dúró dè? Mo fara mọ́ ọkàn rere yẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ibi tí wọ́n ń lò ó sí. Lójú tèmi, jíìpù wúlò lọ́jọ́ ìjì àti àgbàrá ju bí a ṣe ń lò ó ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ẹrẹ̀, lójú ọ̀nà abúlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó dí títì. Inú omi tó ń ṣàn kò sí lára rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi jíìpù rẹ̀ ran ará ìlú lọ́wọ́, kí òjò tó ṣú ló yẹ kó ti fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́ tiwa. Òjò Rẹ́mọ máa ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni ti àkọ́kọ́; ó máa ń dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. (Àwọn baba wa ò ṣèèṣì pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà.) Kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì ló máa ń kọ́kọ́ wá kí wa. Apá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá, á ṣí òrùlé, á wó igi àti òpó iná, gbogbo rẹ̀ sì lè parí láàárín wákàtí kan.

A kì í ṣe ará Lọ́kọ́ja. A ò ní odò Ọya tó máa ń kún, tí á wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Odò kéékèèké la ní: Ìbù àti Eruwuru ní Ṣàgámù, Uren ní Ìkẹ́nnẹ́, àti àwọn tí orúkọ wọn kò kọjá abúlé tí wọ́n wà. Odò tí ilẹ̀ tó ń gbe omi rẹ̀ wá kò bá fẹ̀, kíákíá ló ń kún, kíákíá ló sì ń fà. Níbi tí a bá ti bo ilẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré àti páànù, kíákíá yẹn á tún yá sí i, torí omi ò ríbi wọlẹ̀ mọ́. Èyí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí omi bá dá dúró ní ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Sábó Ṣàgámù, tó bá lè fara balẹ̀ dúró fún wákàtí díẹ̀, ó sábà máa ń rí ọ̀nà kọjá láì fi ẹ̀mí wéwu.

Kò sì sẹ́ni tó yẹ kó fojú kékeré wo odò kékeré. Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, odò kékeré náà ni, ó sì pa èèyàn tó lé ní igba lọ́dún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 tún rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ afárá sì bá omi lọ. Ní oṣù keje ọdún 2018, Abéòkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, tọ́ irú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ afárá yẹn ni kí ẹ dì mú. Tí omi pupa bá bo ọ̀nà, ojú ò lè rí bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má sá lọ, kò le.

Omi tó kún àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, kílò 1,000 ló wọ̀n, tọ́ọ̀nù kan gbáko. Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì kan, ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn pé ohunkóhun tó bá wọ inú omi, omi á máa tì í sókè pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí ohun náà lé kúrò láyè. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ irin ńlá fi ń léfòó ní Àpápá. Ìdí yẹn kan náà ni ọkọ̀ yín ṣe lè léfòó ní ibi tí ẹ ò fẹ́ kó ti léfòó.

Ẹ mú jíìpù tó wọ̀n kílò 2,300. Ká ní ó gùn tó mítà 4.7, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.8. Tí ẹ bá sọ gígùn di ìlọ́po ìbú, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 8.5 níbùú lóròó. Nígbà tí omi bá ti kan abẹ́ ọkọ̀ yẹn, gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tó bá tún fi gòkè, ó ń gbé bíi kílò 850 kúrò lórí táyà. Ká ní abẹ́ jíìpù náà fi sẹ̀ǹtímítà 22 ga sí ilẹ̀. Ó jẹ́ pé nígbà tí omi bá fi máa jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ìwọ̀n tó kù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń tẹ ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 350 lọ. Ní àádọ́ta, ọkọ̀ ti gbéra nílẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ̀ kì í ṣe àpótí tí wọ́n dí pa. Omi máa ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn pick-up kì í sì í di omi mú. Nítorí náà ìṣirò wa le ju òtítọ́ lọ díẹ̀. Síbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn wọn: omi tó ń ṣàn, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, tó bá ti tó 60, ó lè gbé jíìpù àti pick-up lọ. Ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni! Kò dé ìbàdí àgbàlagbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé omi àgbàrá kì í dúró jẹ́ẹ́. Tó bá ń ṣàn bí ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́, bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ jíìpù wa, tí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ẹ̀gbẹ́ náà wà nínú omi, agbára tó fi ń tì í dà bí ìgbà tí ẹ gbé ẹrù kílò 70 lé e. Tí omi bá wá ń ṣàn ní ìlọ́po méjì ìyẹn, bí ẹni tó ń sá eré pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ lè rò pé agbára náà á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Ìlọ́po mẹ́rin ni: nǹkan bíi kílò 280. Ìwọ̀n tó sì kù lórí táyà ò ju 350, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ẹ ò rí i bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò lójú ọ̀nà? Ẹ́ńjìnnì lè máa bú ramúramù, four-wheel lè wọlé dáadáa, táyà tí kò tẹ ilẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan máa sọ: "Ìwé ọkọ̀ mi sọ pé ó lè la omi já." Òótọ́ ni. Toyota kọ ọ́ pé Hilux tuntun lè la omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Land Rover ní Defender òun lè dé 90. Àmọ́ omi tó dúró, lórí ilẹ̀ tó le, pẹ̀lú awakọ̀ tó rọra ń lọ, ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Kò sí fún àgbàrá. Ọ̀pá imú gígùn tí àwọn kan ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú náà ní ìwọ̀nba iṣẹ́ tirẹ̀: kí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí lè máa ti òkè wá. Ó dára, nítorí písítìnì lè tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, kò lè tẹ omi pọ̀. Bí omi bá gba imú ẹ́ńjìnnì wọlé, irin tó so mọ́ písítìnì á tẹ̀ tàbí kó kán, mẹkáníìkì á wá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá imú kì í dá ọkọ̀ dúró kó má léfòó. Á kàn jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nìṣó bí omi ṣe ń gbé e lọ ni.

Àṣìmú kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní jíìpù nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń wọ́ ara rẹ̀. RAV4, Highlander, Lexus RX: púpọ̀ nínú èyí tó ń dé láti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀ kì í ṣe four-wheel rárá. Ó ga, ó rí ràgàjì, ó wuyì níbi òde, ṣùgbọ́n nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kò sàn púpọ̀ ju Camry lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí irin róbótó láàárín àwọn táyà ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì wá wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì lẹ ní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn má fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹrẹ̀ ni.

Ní báyìí, èwo ni iṣẹ́ jíìpù gan-an?

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ pupa Ìkẹ́nnẹ́ mọ̀ pé iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ ló wà lábẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà oko lórí rẹ̀ dà bíi títì. Tí òjò bá ti fọ iyanrìn òkè lọ, amọ̀ á yọjú, á máa yọ̀ bí ọṣẹ, àgbàrá á sì gbẹ́ kòtò sí ojú ipasẹ̀ táyà. Ní ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní àìsàn kan: agbára ẹ́ńjìnnì máa ń gba ibi tó rọ̀ jù lọ. Táyà tó bá bọ́ sínú kòtò á máa yí lófo, èyí tó wà lórí ilẹ̀ tó le á dúró bí ẹni pé kò gbọ́. Four-wheel tó ní jíà kékeré, tó sì lè ti àwọn ẹsẹ̀ pọ̀ kí wọ́n máa yí lójú kan náà, kò ní ìṣòro yẹn. Ó lè rìn bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, láì sáré.

Afẹ́fẹ́ táyà náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí obìnrin tó wọ bàtà gogoro lọ síbi òde, tí òjò wá rọ̀ sí pápá. Obìnrin yẹn kò sanra ju ẹni tó wọ sílípáàsì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń rì, èkejì ń rìn. Bó ṣe rí fún táyà náà nìyẹn. Tí ẹ bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù láti 35 sí nǹkan bíi 18 lórí géèjì fọ́kánáísà, ibi tó fi ń tẹ ilẹ̀ á fẹ̀ sí i, nínú ìṣirò lásán á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ọkọ̀ ò sì ní rì tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra wà á, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó dé títì ọlọ́dà, torí táyà tó rọ̀ á gbóná lórí eré, á sì bẹ́.

Ẹ wá ro ohun tí ọkọ̀ báyìí lè ṣe lọ́jọ́ ìjì. Aboyún tó ń rọbí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìrolù tàbí Àkàkà, tí ọlọ́kadà ní òun ò lọ. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Olábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, tí igi wó dí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì lè lọ sílé. Bàbá arúgbó tí oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ tán. Àwọn èèyàn tí ìjì ṣí ilé mọ́ lórí, tí wọ́n nílò tàpólì kí òjò kejì tó dé. Kò sí èyí tó máa dé orí WhatsApp níbẹ̀. Kò sí omi tó pín sí méjì. Àmọ́ ẹ̀mí wà lórí rẹ̀, pàápàá ti aboyún yẹn, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ kì í dúró de kí odò Uren fà.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ èyí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda kan tó ń jẹ́ 4x4 Response, ẹlẹ́kùnjẹkùn. Nígbà tí yìnyín ńlá bo ilẹ̀ wọn ní ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn tó ní Land Rover àti irú rẹ̀ ló ń gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń gbé àwọn olùtọ́jú lọ bá arúgbó nílé. (Kò ní yà mí lẹ́nu bí ọmọ Rẹ́mọ bá wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé.) Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: àwọn awakọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti gba ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ló sì máa ń pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í kàn gbé ọkọ̀ jáde.

Ti Amẹ́ríkà ni mo tún fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005, àwọn apẹja àti ọdẹ Louisiana gbé ọkọ̀ ojú omi tiwọn jáde láti yọ àwọn tí omi há mọ́lé. Ibẹ̀ ni orúkọ Cajun Navy ti wá. Nígbà tí ìjì Harvey kọlu Texas lọ́dún 2017, wọ́n tún kó ara wọn jọ, wọ́n lọ. Kí ni pick-up ńlá ńlá wọn ń ṣe? Ó ń fa ọkọ̀ ojú omi wá sí etí omi. Níbẹ̀ ló dúró. Ọkọ̀ ojú omi ló wọlé.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ohun òyìnbó ni mò ń polówó. Àwòkọ́ṣe tó dára jù lọ, ilé wa ni. Lọ́dún 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀, alága rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ. Ṣáájú ìyẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó ti wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ sílẹ̀, àwọn tí aráàlú sọ lórúkọ ní májamája. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò mọ̀ ni pé FRSC ní apá kan tí kì í gba owó oṣù: àwọn Special Marshal. Dókítà ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n. Ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n ń gbé jáde, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀, wọ́n sì ní ọ̀gá tí wọ́n ń jábọ̀ fún. Àjọ náà ní nọ́ńbà tẹlifóònù ọ̀fẹ́, 122. Ti pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112. Àwọn Red Cross náà wà, tí wọ́n mọ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Igi ti wà nílẹ̀ o. Ẹ̀ka kan péré ló kù ká lọ́ sára rẹ̀, ẹ̀ka àwọn oní-four-wheel fún ọjọ́ ìjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ orúkọ àti káàdì? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa wọ ọkọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, lálẹ́, nínú òjò, lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ní àsìkò ajínigbé yìí? Èmi ò ní wọ̀ ọ́. Aboyún yẹn náà kò ní wọ̀ ọ́, ọkọ rẹ̀ ò sì ní gbà. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ẹni tó nílò rẹ̀ kò tíì di ìrànlọ́wọ́. Bákan náà, tí ọkọ̀ méje bá sáré lọ síbi kan náà torí pé gbogbo wọn rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, mẹ́fà á dí ọ̀nà mọ́ áńbúláǹsì.

Epo wá ńkọ́? Ẹni tó bá béèrè eléyìí kì í ṣe ahun. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jíìpù tó ń mu epo bí ẹni tó ń mu ọtí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé jáde lásán. Ní Gombe, wọ́n rí ọgbọ́n kan dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW àti àjọ kan tó ń jẹ́ Transaid kọ́ àwọn awakọ̀ takisí bí wọ́n ṣe ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Èrè ìdúpẹ́ tí awakọ̀ ń rí ni pé, tó bá padà dé gáréèjì, wọ́n á gbé e síwájú ìlà, òun ló máa kọ́kọ́ gba èrò. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì sí awakọ̀ tí kò mọ iye rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn á bá takisí Ṣàgámù mu fún apá ọ̀nà tó jẹ́ ọ̀dà. Fún àwọn oní-jíìpù aládàáni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó lè pín aṣọ ẹbí fún igba ènìyàn lè sanwó jálá epo kan síbi ilé epo kan, pẹ̀lú ìwé tí awakọ̀ máa fọwọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa gbà kò ní pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Okùn tó ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ dà bíi rọ́bà kànnàkànnà. Agbára tó wọ inú rẹ̀ máa ń dúró de ibi tó máa gbà jáde. Tí ẹ bá so ó mọ́ báńpà, tàbí mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà kékeré, tí irin náà wá já, á fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa èèyàn lókè òkun. Ojú irin ìfà tí ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹ sì lé èrò sẹ́yìn ju gígùn okùn náà lọ. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù nìyí, torí nílẹ̀ wa, níbi tí ọkọ̀ bá ti rì, ọmọdé mẹ́wàá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kí a tó rí okùn gan-an.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ò ní jíìpù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ̀ ń wọ̀, àbí? Iṣẹ́ yín wà, kò sì kéré. Ẹni tó bá máa pe awakọ̀ jáde nílò láti mọ ọ̀nà tó ṣì ṣeé gbà, àgbàlagbà tó jókòó sí ọ́fíìsì ò sì lè mọ̀ ọ́n bíi yín. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dẹwọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tí omi máa ń gbà kọjá lórí ọ̀nà wọn. Ẹ mú tépù télọ̀ dání, ẹ wọn ògiri afárá tàbí òpó kọnkéré tó wà níbẹ̀ láti ojú títì lọ sókè. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí sẹ̀ǹtímítà 15, ibi tí omi tó ń sáré ti lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà nílẹ̀. Ẹ fa ti pupa sí 30, kí ẹ fa pupa méjì sí 60. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀nà tí ènìyàn lè fi yí i po. Lọ́jọ́ òjò, fọ́tò òpó náà kan, tí ẹ dúró sí òkèèrè yà, á sọ fún ẹni tó wà nídìí tẹlifóònù bóyá kó ní kí awakọ̀ gba ọ̀nà náà, tàbí kó gba ẹ̀yìn Ìperu.

Kí ẹ rí i pé ọ̀dà olóròóró ni o, kì í ṣe ẹfun. Ẹfun ò ní la òjò àkọ́kọ́ já.